Oyin Inú Ilẹ̀ Aṣálẹ̀: Ẹ Má Da Oògùn Sí Ihò Wọn

Bí oṣù kẹrin ọdún bá ti wọlé ní gúúsù Texas, ní Arizona àti ní àríwá Mẹ́síkò, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ilẹ̀ gbígbẹ tí koríko kò hù sí, ì báà jẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà, ì báà jẹ́ àgbàlá ilé tàbí ibi tí màlúù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, á kún fún ihò. Ihò wẹ́wẹ́ ni, ọ̀kan kò ju ibi tí pẹ́ńsù lè wọ̀ lọ, wọ́n sì lè pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójú kan. Oyin á máa fò lókè ibẹ̀, wọn kì í sábà ga ju orúnkún èèyàn lọ, ariwo wọn á sì gba àdúgbò kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń ṣe bí wọ́n bá ti rí i ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á pe àwọn tó ń fi pípa kòkòrò ṣiṣẹ́ ṣe, tàbí kí wọ́n ra oògùn fúnra wọn, kí wọ́n dà á sí ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn oyin apànìyàn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Texas pọ̀, àwọn kan sì wà ní Arizona, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ilé tiwa náà. Oyin tí wọ́n ń pa yẹn kì í lé èèyàn. Kò ní ilé ńlá kan tó ń ṣọ́. Òun sì wà lára àwọn tí ọrọ́ gbójú lé kó tó lè so.

Ta ni oyin ọrọ́?

Oyin tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó ń gbé inú ihò igi tàbí inú àpótí, tí ìyá kan ń yé ẹyin fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, ìdílé kékeré ni tirẹ̀ láàárín oyin ayé. Irú oyin tí àwọn onímọ̀ ti kà lé ní 20,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń dá gbé: abo kan, ilé kan. Kò sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sì sí afárá tí èèyàn lè gé. Inú ilẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn adágbé wọ̀nyí ń kọ́lé sí.

Aṣálẹ̀ tó gbẹ, tó gbóná, ni irú wọn ti pọ̀ jù, kì í ṣe inú igbó dúdú tí a lè rò. Ní 2021, Robert Minckley àti ẹnìkejì rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde nípa àfonífojì San Bernardino, níbi tí Arizona ti bá ìpínlẹ̀ Sonora ní Mẹ́síkò pààlà. Irú oyin 497 ni wọ́n rí lórí ilẹ̀ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú kìlómítà 4 níbùú àti kìlómítà 4 lóròó. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín á là á já kí ọwọ́ ọ̀sán tó le.

Nínú gbogbo wọn, Diadasia rinconis ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ jù, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní oyin ọrọ́. Onímọ̀ kan, T. D. A. Cockerell, ló fún un lórúkọ Látìn yẹn ní 1897. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oyin inú àpótí ní títóbi, irun sì bò ó láti orí dé ìdí. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn abo dáadáa: irun ibẹ̀ gùn, ó kún, ó sì yẹ̀ka. Ẹyọ àtíkè òdòdó ọrọ́ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ òdòdó lọ, irú irun bẹ́ẹ̀ ló sì lè dì í mú títí dé ilé.

Oyin yìí lè ya ibòmíràn láti mu omi dídùn, ṣùgbọ́n inú òdòdó ọrọ́ ló ti ń kó àtíkè tó máa fi bọ́ ọmọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ náà ní ohun tí wọ́n yàn láàyò. Ọ̀kan nínú wọn kì í kúrò lẹ́yìn òdòdó oòrùn. Òmíràn ń tẹ̀ lé òdòdó aṣálẹ̀ kan tó jẹ́ ẹbí ilá àti ìṣápá wa.

Ọrọ́ tí mo ń wí kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣọgbà nílé tí oje funfun ń ṣàn lára rẹ̀. Ti ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn, ẹ̀gẹ́ sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ọrọ́ ti Amẹ́ríkà tí mo ń sọ ní ara pẹlẹbẹ tó gun ara wọn lórí, èyí tí àwọn ará Mẹ́síkò ń pè ní nopal. Wọ́n ń se ara rẹ̀ jẹ, wọ́n ń jẹ èso rẹ̀, òun náà sì ni ẹyẹ idì dúró lé lórí nínú àsíá orílẹ̀-èdè wọn.

Ilé tí abo ń gbẹ́

Ilẹ̀ tó le, tó tẹ́jú, tí oòrùn ń pa ni abo ń wá. Ẹnu ló fi ń gé ilẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń tì í jáde. Bí ilẹ̀ bá le jù, á pọ omi láti inú ikùn rẹ̀ sí i kí ó lè rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí Diadasia kì í da ẹrẹ̀ tó ń tibẹ̀ jáde nù. Wọ́n á mọ ọ́n yí ẹnu ihò ká títí á fi di ọrùn kékeré tó yọ sókè, nígbà mìíràn á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ọrùn náà á wó, ihò nìkan lèèyàn á sì máa rí.

Nísàlẹ̀ ni yàrá wà, ọmọ kan sì ni yàrá kan. Kí abo tó yé ẹyin síbẹ̀, á ti lọ sí ìdí òdòdó, á ti bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Á po àtíkè mọ́ omi dídùn, á kó o jọ sínú yàrá, ó di oúnjẹ tí ọmọ náà máa jẹ títí tó fi máa dàgbà. Lẹ́yìn náà ni á yé ẹyin kan. Bí ó bá fi àtọ̀ tó gbà lọ́wọ́ akọ kan ẹyin náà, á di abo. Bí kò bá fi kàn án, á di akọ. Á wá fi ilẹ̀ dí yàrá náà pa, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ilẹ̀. Yóò ti kú kí àwọn ọmọ tó ṣe làálàá fún tó jáde.

Kò sí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú gbogbo èyí. Bí àwọn abo bá tilẹ̀ gbẹ́ ilé tira wọn, tí àdúgbò náà kún fọ́fọ́, olúkúlùkù ló ń wọ ihò tirẹ̀. Ìdí tí kì í fi í lé èèyàn nìyẹn. Oyin inú àpótí ní ọmọ ìyá lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún tó lè rọ́pò rẹ̀ bó bá kú sójú ìjà. Bí abo adágbé bá kú, iṣẹ́ parí, yàrá tí kò tíì dí á ṣòfò. Ó ní ohun tó fi ń tani lóòótọ́, ṣùgbọ́n àfi bí èèyàn bá fi ọwọ́ fún un mọ́lẹ̀ tàbí tí ó há sínú aṣọ ni ó tó lè lò ó.

Ìdin á jáde nínú ẹyin, á jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, á ran òwú yí ara rẹ̀ ká, á sì dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ooru á fi kọjá, tí òtútù á fi dé, tí òun náà á fi lọ. John Neff àti Beryl Simpson, tí wọ́n tẹ ìwádìí jáde ní 1992 nípa oyin ọrọ́ ní Texas, rí i pé àwọn ọmọ kan máa ń jáde lọ́dún tí wọ́n yé wọn gan-an, nígbà tí àwọn yòókù á dúró di ọdún kejì. Ohun tó yẹ kí onílé mọ̀ nìyí: lóṣù kẹwàá, nígbà tí kò sí oyin kankan tó ń fò, tí ihò ti dí, ọmọ wà nísàlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ayé oyin yìí, abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń lò ó. Ẹni tó bá ní òun ti dúró kí wọ́n lọ tán kí òun tó da kọnkéré, orí wọn náà ló dà á sí.

Nínú òdòdó ọrọ́

Òdòdó ọrọ́ pẹlẹbẹ kì í pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọjọ́ kan ni. Èyí tó là láàárọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò tó ń tàn ti ń wọra jọ bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ohun tí oyin kò bá ṣe láàárín wákàtí díẹ̀ yẹn, kò ní ṣe é mọ́ nínú òdòdó náà.

Ọ̀wọ̀n abo kan dúró láàárín gbùngbùn rẹ̀, orí rẹ̀ sábà ń jẹ́ àwọ̀ ewé, ó là sí ẹ̀ka kéékèèké, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Fọ́nrán akọ yí i ká, wọ́n lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àtíkè sì wà ní ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oyin ọrọ́ sábà máa ń bà lé orí ọ̀wọ̀n abo yẹn gan-an. Àtíkè tó gbé láti ara òdòdó mìíràn á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, èyí tí òdòdó sì ń retí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á ri orí sáàárín àwọn fọ́nrán, á máa fi ẹsẹ̀ wà á lọ sísàlẹ̀ títí a ò fi ní rí ju ìdí rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá wà nítòsí lè fi ìka ara rẹ̀ dán ohun tó kàn wò. Bí nǹkan bá ti kan fọ́nrán wọ̀nyí, wọ́n á tẹ̀ wọnú. Gbogbo wọn á rọra pa mọ́ra, wọ́n á sún mọ́ ọ̀wọ̀n abo, wọ́n á sì bo ọ̀nà ìsàlẹ̀. Kòkòrò tí kò ní agbára á yà kúrò. Oyin ọrọ́ ní agbára: á tì wọ́n gba àárín wọn lọ síbi tí omi dídùn wà, fọ́nrán á máa fi àtíkè pa á lára bó ti ń lọ, á sì tún fi pa á lára bó ti ń bọ̀. Bí ó bá jáde, gbogbo irun ara rẹ̀ ti gba àtíkè. Òdòdó tó kàn ló ń bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń wọ òdòdó ọrọ́ ló ń ṣe é láǹfààní. Àwọn oyin wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n kéré débi pé wọ́n lè wọlé, kí wọ́n kó àtíkè, kí wọ́n jáde láìfara kan orí ọ̀wọ̀n abo rárá. Oyin tí ara rẹ̀ tóbi tó láti kan akọ àti abo òdòdó papọ̀ ni ọrọ́ nílò, èyí sì ni Diadasia àti àwọn oyin ńlá bíi tirẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Ọrọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní saguaro, tó lè ga ju mítà 12 lọ ní Arizona àti Sonora, ní ìlànà tirẹ̀. Alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là, á sì padé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Àdán kan tó ń ti ìhà gúúsù wá lásìkò yẹn máa ń mu nínú rẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n kò dájú pé á dé lọ́dọọdún ní ìhà àríwá. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: àdàbà abìyẹ́ funfun àti oyin ló ń gba iṣẹ́ náà bí ilẹ̀ bá mọ́, oyin ọrọ́ náà sì ń yà síbẹ̀. Èso rẹ̀ ni àwọn ará Tohono O'odham, onílẹ̀ aṣálẹ̀ yẹn láti ìgbà láéláé, ń ká lóṣù kẹfà. Ìkórè yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun fún wọn.

Lóòótọ́, ara ọrọ́ pẹlẹbẹ tó bá já bọ́ lè ta gbòǹgbò kó sì di igi tuntun láìsí oyin. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá hù báyìí jẹ́ ẹ̀dà ara wọn pátápátá, àrùn tó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí èso fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó, fún ìjàpá aṣálẹ̀, fún ẹyẹ àti fún èèyàn. Oyin ló ń mú kí irúgbìn tuntun wà.

Ìdí tí wọ́n fi ń pariwo

Akọ kì í gbẹ́ ilé, kì í sì í kó oúnjẹ. Wọ́n máa ń jáde ṣáájú abo, wọ́n á wá máa fò lọ fò bọ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n ń retí abo tó máa yọ orí. Ariwo tó ń lé onílé sínú ilé, tiwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Akọ oyin kò sì ní ohun tó fi ń tani rárá, kò sí èyí tó lè ta ọmọ jòjòló.

Bí abo kan bá yọ, akọ tó pọ̀ á dà lé e lórí, wọ́n á di ìṣù kan tó ń yí gbirigbiri lórí yanrìn. Karine Aigner, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ya irú ìṣù bẹ́ẹ̀ ní oko ẹran kan ní gúúsù Texas. Ó dọ̀bálẹ̀ débi pé ojú kámẹ́rà rẹ̀ bá oyin náà dọ́gba. Àwòrán yẹn ló gba ipò kìn-ín-ní gbogbogbò ní 2022 nínú ìdíje àwòrán ẹranko igbó tí ilé Natural History Museum ní London ń ṣe. Abo kan ṣoṣo ló wà láàárín gbogbo oyin tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òun àti akọ kan fò kúrò, ìṣù tú ká. Mo rọ ẹnikẹ́ni tí oyin ilẹ̀ ń bà lẹ́rù pé kó wá àwòrán náà wò, kó rí irun ara wọn, kó sì rí bí wọn kò ṣe ka ẹni tó sún mọ́ wọn sí.

Oyin ilẹ̀ mìíràn wà ní aṣálẹ̀ yẹn kan náà, Centris pallida, tó fẹ́ràn òdòdó igi palo verde ju ti ọrọ́ lọ. John Alcock ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìwà àwọn akọ rẹ̀. Wọn kì í dúró kí abo yọ. Wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ láti òkè, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ wú ilẹ̀ títí wọ́n á fi kàn án. Akọ tó tóbi ló ń bá ara wọn jà lórí ihò. Èyí tó kéré, tó mọ̀ pé òun kò lè jà, á rọra máa fò káàkiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wá abo tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó ń jalè nínú ilé oyin

Ilé tí oúnjẹ kún inú rẹ̀ kò lè ṣàì ní olè. Oríṣi eṣinṣin kan wà tí irun bò, ó dà bí oyin lójú. Á dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ lókè ihò, á sì ju ẹyin rẹ̀ sínú ibẹ̀. Ìdin eṣinṣin á wọlé lọ, á jẹ ìdin oyin. Oyin kan wà náà tí kì í gbẹ́lé, tí kì í kó àtíkè: á yọ́ wọ ilé oyin mìíràn nígbà tí onílé ti jáde, á yé ẹyin tirẹ̀ sí yàrá tí kò tíì dí.

Ṣùgbọ́n èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti kòkòrò oníkaraun kan ní aṣálẹ̀ Mojave, Meloe franciscanus. John Hafernik àti Leslie Saul-Gershenz ló ròyìn rẹ̀ ní 2000. Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á gun koríko lọ sókè, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn á ṣù jọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n á wá tú òórùn abo oyin ilẹ̀ kan tó ń gbé inú òkìtì yanrìn níbẹ̀. Akọ oyin á gbóòórùn, á rò pé abo ni, á bà lé wọn, gbogbo wọn á sì dì mọ́ irun àyà rẹ̀. Bó bá wá rí abo gidi tó gùn ún, wọ́n á sọdá sí ara abo. Abo ni yóò fi ara rẹ̀ gbé wọn wọ inú ihò, síbi tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà.

Òjò ló ń jí wọn

Òjò aṣálẹ̀ kò ní ìlérí. Ọdún kan lè wà tí òdòdó á bo gbogbo ilẹ̀, kí ọdún tó tẹ̀ lé e má sì rí nǹkan kan. Oyin tó bá jáde lọ́dún tí kò sí òdòdó, òfo ló jáde sí. Bryan Danforth ti Yunifásítì Cornell tẹ ìwádìí jáde ní 1999 nípa oyin wẹ́wẹ́ kan tó ń gbé ilẹ̀ aṣálẹ̀ Chihuahua, Perdita portalis. Ó rí i pé ọ̀rinrin òjò ló ń jí ìdin tó sùn sínú ilẹ̀, àti pé òjò tilẹ̀ rọ̀ dáadáa, gbogbo wọn kì í dìde papọ̀. Àwọn kan á ṣì dúró di ọdún mìíràn. Bí ọ̀dá bá pa àwọn tó jáde, ìdílé kò parun.

Nítorí náà, ilẹ̀ kan ṣoṣo lè ní ọmọ oyin ọdún yìí àti ọmọ oyin èṣí nínú. Katakata tó bá kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè pa ìran méjì pọ̀.

Ohun tó ń pa wọ́n

Ilé kíkọ́ ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn, torí ìlú tó wà ní aṣálẹ̀ bíi Phoenix àti Tucson ń gbòòrò sí i, ilẹ̀ líle tó tẹ́jú tí oyin ń wá náà sì ni akọ́lé ń wá. Ní àfonífojì San Bernardino tí mo sọ lókè, ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ ògiri ààlà gba ibẹ̀, wọ́n sì fa omi abẹ́ ilẹ̀ láti fi po kọnkéré rẹ̀.

Koríko kan tún wà tó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ, buffelgrass. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n gbìn ín ní Arizona kí màlúù lè rí i jẹ, kí ọ̀gbàrá má sì gbé ilẹ̀ lọ. Tiwa nílé, iná igbó kì í ṣe tuntun fún koríko. Ní aṣálẹ̀ Sonora, ilẹ̀ lásán ló wà láàárín ọrọ́ kan sí èkejì tẹ́lẹ̀, iná kò rí ọ̀nà gbà. Buffelgrass dí àlàfo yẹn. Ó ń gbẹ, ó ń jó, ọrọ́ tí kò mọ iná rí ń kú, ilẹ̀ òfìfo tí oyin ń gbẹ́ sì di igbó koríko.

Àfòpiná kan ń bọ̀ láti ìhà ìlà-oòrùn pẹ̀lú, Cactoblastis cactorum. Argentina ni ilé rẹ̀. Australia kó o lọ láàárín àwọn ọdún 1920 láti fi pa ọrọ́ tó ti gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ náà tán pátápátá. Wọ́n tún kó o lọ sí erékùṣù Caribbean ní 1957. Ní 1989, wọ́n rí i ní Florida. Ó ti dé Texas báyìí. Ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ọrọ́ pẹlẹbẹ títí á fi jẹrà. Bí ọrọ́ bá lọ, oyin tí kò mọ oúnjẹ ọmọ mìíràn á bá a lọ.

Oyin apànìyàn ńkọ́?

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn ní ìdí, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀. Ní 1956, onímọ̀ kan, Warwick Kerr, kó oyin láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Brazil, kí wọ́n lè gba irú tó máa ṣe dáadáa nínú ooru. Ní ọdún kejì, ọ̀wọ́ 26 sá lọ nítòsí Rio Claro, wọ́n sì bá oyin ilẹ̀ Yúróòpù tó wà níbẹ̀ dàpọ̀. Ọmọ wọn tàn kálẹ̀ lọ sí àríwá títí wọ́n fi dé Texas ní 1990 àti Arizona ní 1993. Oyin tó ń gbé pọ̀ ni, ó ní ìyá, ó ní ilé tó ń ṣọ́, bí wọ́n bá sì dojú kọ èèyàn, wọ́n lè pa á.

Àmì tí ẹ máa fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ hàn kedere. Oyin apànìyàn a máa gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló sì ń wọ ibẹ̀ tí wọ́n ń jáde: ihò ara ògiri, àpótí mítà omi tó wà nínú ilẹ̀, táyà àtijọ́. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ kó ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ má ju nǹkan, ẹ má bu omi sí i, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ oyin. Agbọ́n ilẹ̀ náà, ihò kan ni wọ́n ń gbà. Ti oyin ọrọ́ ni ihò púpọ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa, tí oyin kan ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró sí ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ wo ihò kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ oyin kan náà ló ń wọlé tó ń jáde, ẹ fọkàn balẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ oyin ọrọ́ ló wà lágbàlá yín

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, ariwo á rọlẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí okùn yí ibẹ̀ ká kí ọmọdé máa gba ibòmíràn, kí èèyàn má fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi rọ́bà omi fọ ibẹ̀, ẹ má da òkúta wẹ́wẹ́ bò ó, ẹ má sì fi ọ̀rá bo ilẹ̀ kí ewéko má bàa hù. Bí ẹ bá ní láti da kọnkéré sí àgbàlá, ẹ ṣẹ́ apá ibi tí ihò wà sílẹ̀, torí kò sí oṣù kankan nínú ọdún tí ibẹ̀ ṣófo. Oògùn tí ẹ bá fọ́n sí ọgbà lásìkò tí ọrọ́ ń yọ òdòdó ń wọ inú àtíkè, àtíkè yẹn ni abo ń gbé lọ fún ìdin.

Ẹni tó fẹ́ gbin ọrọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ṣe dáadáa, àwọn oyin á rí i. Kó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín fún títà. Àwọn kan ń wú saguaro àti ọrọ́ mìíràn lóru láti inú aṣálẹ̀, wọ́n ń tà á fún onílé tí kò béèrè ibi tó ti wá. Òfin ìpínlẹ̀ Arizona kò gbà kí ẹnikẹ́ni wú wọn láìgba ìwé àṣẹ, nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé náà hàn yín.